Ẹ Bá Mi Gbé E Pọ̀n

Òórùn yíǹkì ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti dé ibi iṣẹ́. Ilé ìwòsàn tí mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi wà níbi tí Ṣómólú ti ń wọ Bàrígà, àwọn atẹ̀wé ló sì yí wa ká. Lẹ́yìn fèrèsé wọ́ọ̀dù wa gan-an ni wọ́n ti ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, ìró ẹ̀rọ wọn kì í sì í dákẹ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń gbóná lára mi, mo gbà pé ariwo yẹn kò dára fún àwọn ọmọ tí mo ń tọ́jú. Mo wọ kóòtù funfun mi, mo lọ bá àwọn atẹ̀wé, mo sì ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú gírámà tó pọ̀ díẹ̀. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n ra ẹlẹ́rìndòdò tútù fún mi, wọ́n fún mi ní kàlẹ́ńdà kan, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. N kò tíì padà dé ẹnu ọ̀nà wa tí wọ́n fi tan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo náà di ara wọ́ọ̀dù, àfi ọjọ́ tí iná bá lọ nìkan la máa ń rántí pé ó wà.

Iṣẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń gbayì. Ọmọ Bàrígà ni mí, Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ń tún rédíò ṣe, ìyá mi ń ta aṣọ òkìrìkà. Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, gbogbo ilé ti ń retí pé màá di oníṣẹ́ abẹ, irú èyí tí àwọn olówó máa ń wá kiri. Mo wá sọ fún wọn pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú àkókò ni mo fẹ́ máa tọ́jú. Ìyá mi wò mí títí. Ó ní, "Ṣé àwọn tó pé oṣù kì í ṣàìsàn mọ́ ni?" Síbẹ̀, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí yangàn, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé dókítà àwọn ọmọ tó kánjú wáyé lọmọ òun. Mo fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín ní wọ́ọ̀dù, àwọn nọ́ọ̀sì sì gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, Akánjú ni gbogbo wa ń pe àwọn ọmọ yẹn. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ni kì í fẹ́ sọ wọ́n lórúkọ títí wọn yóò fi rí i pé wọ́n fẹ́ dúró.

Àwọn àpótí onígíláàsì tó ń mú ara ọmọ gbóná kò tó nígbà náà, àwọn tó wà náà sì máa ń ṣàìsàn ju àwọn ọmọ inú wọn lọ. Nítorí náà, àyà ìyá ni a ń lò. A ó bọ́ aṣọ lára ọmọ, ó ku nápí àti fìlà, a ó gbé e lé àárín ọmú ìyá rẹ̀, awọ ara kan awọ ara, a ó sì fi aṣọ dì í mọ́ ọn. Ooru ìyá yóò mú un gbóná. Àwọn akánjú máa ń gbàgbé láti mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bó ṣe rí gan-an nìyẹn: wọ́n á mí, wọ́n á mí, wọ́n á wá dákẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sọ nù mọ́ lẹ́nu. Tí wọ́n bá wà ní àyà ìyá wọn, mímí tirẹ̀ ló ń rán wọn létí. Láti kọ́ àwọn obìnrin bí a ti ń ṣe é, mo ra bèbí oníke kan lọ́jà, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo sì so bèbí náà mọ́ àyà mi tó kún fún irun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan ní, "Dókítà, ẹ fún un lọ́mú, ebi ń pa á!" Mo dúró gbọnin, mo ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n etí mi ń gbóná.

Ohun kan ni mo kà léèwọ̀ pátápátá. A kò gbọdọ̀ pọ̀n akánjú. Ọrùn rẹ̀ kò tíì le, ìyá tó pọ̀n ọ́n kò lè rí ojú rẹ̀, tí ọmọ bá sì gbàgbé láti mí lẹ́yìn níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Àwọn ìyá àgbà tó ń wá kí ọmọ ni wọ́n ń dá mi lágara jù, ọ̀já ni wọ́n máa ń gbé wá. Mo ní kí wọ́n bá wa tẹ ìkìlọ̀ ní lẹ́tà pupa ńláńlá: A KÌ Í PỌ̀N ỌMỌ NÍBÍ. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára àwọn atẹ̀wé ẹ̀yìn fèrèsé wa ló tẹ̀ ẹ́. Òun náà ló gbé e wá, tó gun àga, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, tó sì bi mí pé ṣé ó tọ́. Mo ní ó tọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé ìyàwó ọkùnrin yìí wá bá wa. Onídìrí ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Fádèyí. Orí ìdúró ni omi ọmọ ti da lára rẹ̀, ó dirun oníbàárà kan dé ìdajì. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n ti fi ń wá ọmọ. A ṣe gbogbo ohun tí a lè ṣe kí ọmọ náà dúró sínú díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ti pinnu. Ọmọkùnrin ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju búrẹ́dì kan lọ, awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé a ń rí iṣan abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ké, inú mi sì dùn sí igbe náà.

Nígbà tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ wá rí i, mo ti gbára dì fún ìbéèrè tí gbogbo wọn máa ń béèrè, pé ṣé yóò yè. Kò béèrè ìyẹn. Ó wo ọmọ náà, ó wo ìwé pupa tí ọkọ rẹ̀ tẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

"Dókítà, ìgbà wo ni màá pọ̀n ọ́n?"

Ẹ̀rín pa mí. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ọmọ Fádèyí lòun ti pọ̀n tán. Òótọ́ ni, mo wá mọ̀ ọ́n nígbà tó yá. Tí obìnrin bá gbé ọmọ wá dirun, tí ọmọ bá ń ké, yóò gbà á, yóò pọ̀n ọ́n, yóò sì máa dirun ìyá rẹ̀ lọ lórí ìdúró títí ọmọ yóò fi sùn. Ó ní tí àwọn ọmọ náà bá ń lọ sílé, ẹ̀yìn òun a máa tutù. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ẹ̀yìn òun a máa tutù.

Mo ní, "Tí ọrùn rẹ̀ bá le, ẹ ó pọ̀n ọ́n. Èmi fúnra mi ni màá bá yín gbé e pọ̀n."

"Ṣé ẹ ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí."

"Mátíróònù, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yin lẹlẹ́rìí mi."

Mátíróònù, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, ní òun ti gbọ́. Ó wá rọra sọ létí mi pé, "Dókítà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ pọ̀n ènìyàn?" N kò mọ̀ ọ́n. Mo ní àbúrò, wọ́n sì pọ̀n wọn lójú mi, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni mí, kò sẹ́ni tó pè mí sí i rí.

Láti ọjọ́ náà, ìyá ọmọ náà kò kí mi ní ẹ káàárọ̀ mọ́. Tí mo bá ti wọlé, yóò ní, "Dókítà, ọrùn ń kọ́?" Èmi náà á ní, "Ọrùn ń bọ̀." Àwọn ìyá ọmọ yòókù gbà á, ó di ìkíni gbogbo wọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń nulẹ̀ pàápàá ń bi mí léèrè ọrùn. Obìnrin náà jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ọmọ ní àyà rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí i lábẹ́ ohùn, ó ń sọ ìròyìn ṣọ́ọ̀bù fún un, ẹni tó fẹ́ gbé irun rẹ̀ lọ láìsanwó àti ẹni tí orí rẹ̀ ń yún. Ọkọ rẹ̀ máa ń sáré wá láti ibi iṣẹ́, yóò fọ ọwọ́ rẹ̀ títí, yíǹkì kò ní tán ní abẹ́ èékánná, yóò kàn dúró ní ọ̀ọ́kán, yóò máa wò wọ́n.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wá láti Ìsẹ́yìn. Ó gbé ọ̀já òfì kan dání, èyí tó fi pọ̀n ọkọ obìnrin náà nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tó rí bí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe gbé ọmọ, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin dókítà, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi ń gbé ọmọ ènìyàn bí ọ̀bọ ṣe ń gbé ọmọ tiẹ̀?"

Mo ní, "Màmá, ọ̀bọ ò ṣì í ṣe o."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì so ọ̀já náà mọ́ irin orí bẹ́ẹ̀dì. Mátíróònù tú u. Ó tún so ó. Nígbà tí ìjà náà fẹ́ di ńlá, mo ní kí wọ́n ká a sábẹ́ ìrọ̀rí, ibẹ̀ ló sì wà.

Ọmọ náà ń ṣe dáadáa. A yọ ọ̀pá afẹ́fẹ́ kúrò nímú rẹ̀. Wàrà ìyá rẹ̀ tí a ń kán sí i lẹ́nu, ó ń mu ún, ó sì ń fẹ́ sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Mo ti ń sọ̀rọ̀ ilé fún wọn, bàbá rẹ̀ sì ti ń béèrè irú fìlà tó yẹ kó rà. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wọlé, obìnrin náà kò bi mí léèrè ọrùn. Ó ní, "Dókítà, ooru rẹ̀ ti yàtọ̀ sí tèmi." Mo fọwọ́ kan ọmọ náà. Ikùn rẹ̀ ti wú, ó le, awọ rẹ̀ ti ń dà bí eérú.

Àrùn kan wà tó máa ń ba ìfun àwọn akánjú jẹ́ lójijì, pàápàá nígbà tí ènìyàn bá ti ń rò pé ewu ti kọjá. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọ̀tá. Mo bẹ̀rẹ̀ oògùn, mo dá oúnjẹ dúró, mo pe gbogbo ilé ìwòsàn ńlá tí mo mọ̀, bóyá ọ̀kan á lè gbà á fún iṣẹ́ abẹ. Kò sí àyè. Wọ́n ní kí n pe padà, mo pe padà, kò sí àyè. Bàbá ọmọ sáré lọ sí Palmgrove láti ra oògùn kan tí a kò ní. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, àwọn atẹ̀wé ń ṣiṣẹ́ wọn lẹ́yìn fèrèsé, nígbà tí ọmọ náà gbàgbé láti mí. Mo fi báàgì afẹ́fẹ́ rán an létí. Ó mí. Ó tún gbàgbé, mo tún rán an létí. Mo ń tẹ báàgì yẹn títí mátíróònù fi gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi, tó sì dá mi dúró.

Mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún òbí rí, n kò sì mọ̀ ọ́n sọ títí di òní. Mo jókòó ti obìnrin náà. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Dókítà, ọrùn ò bọ̀ mọ́."

Mo ní, "Rárá. Kò bọ̀ mọ́."

Kò ké. Ó dìde, ó fa ìrọ̀rí, ó mú ọ̀já òfì náà jáde.

"Ẹ ṣèlérí fún mi. Ẹ bá mi gbé e pọ̀n."

Nílẹ̀ wa, wọn kì í jẹ́ kí ìyá gbé ọmọ rẹ̀ tó ti kú. Wọ́n á yára wé e, ọkùnrin àgbà kan á gbé e gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ, ìyá kò sì ní mọ ibi tí wọ́n sin ín sí láéláé. Mátíróònù ní, "Ìyàwó wa, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Àwọn ìyá ọmọ yòókù ti fọwọ́ bo àwọn ọmọ àyà wọn, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé òun ni yóò fi ọwọ́ líle mú un jáde. Ó gba ọ̀já náà lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó nà án dáadáa, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Bá a gbé e pọ̀n, ọmọ mi," ó wí. "Tèmi ni pé ojú mi ò gbọdọ̀ rí i." Ó wá kọjú sí ògiri, ó fi iwájú orí rẹ̀ tì í.

Mo fi ọ̀já náà kọ́ èjìká, mo sì gbé ọmọ náà. Ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ síwájú, ó tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹrẹsẹ fún mi. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣe é. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kéré jù láti yà sí ìhà rẹ̀, orí rẹ̀ kò sì dúró, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ mi gbá a mú níbi ọrùn, ọrùn tí mo ti ń sọ pé ó ń bọ̀. Ó ní, "Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó kàn mí lára." Mo gbé e sókè díẹ̀. Ó fi ìró rẹ̀ bò ó, ó gba ọ̀já lé e, àwọn ìka onídìrí yẹn so ó láìwobẹ̀. Ó fẹ́ nàró, kò lè nàró, nítorí ọwọ́ mi ṣì wà níbẹ̀.

"Dókítà, ẹ mú ọwọ́ yín kúrò. Mo ti gbàjá."

Mo mú ọwọ́ mi kúrò. Ó nàró. Ó ń rìn láti ìdí bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé, ó ń mi ara rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí àwọn obìnrin ti máa ń ṣe, ó ń fi ọwọ́ kan lu ìdí ọmọ náà pẹ́, pẹ́, pẹ́. Ó sọ fún un pé ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn, pé ariwo tó ń gbọ́ látọjọ́ yìí, bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń pa ariwo náà. Òkè orí àwọn méjèèjì ni ìwé pupa náà wà. Ọkọ rẹ̀ wọlé bá a bẹ́ẹ̀, oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ọmọ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé ẹ̀rín yẹn, kò ṣeé ṣe.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀," mo sì bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n fi ọ̀já náà wé e. Ìyá àgbà ní ọ̀já náà kò gbọdọ̀ padà wálé. Lọ́jọ́ kejì, ìwé pupa kò sí lára ògiri mọ́, mátíróònù sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo kọjá ní Fádèyí lẹ́yìn oṣù díẹ̀. N kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, mo kàn fẹ́ rí i. Mo dúró ní òdìkejì títì. Ó wà lórí ìdúró, ó ń dirun obìnrin kan, ọwọ́ rẹ̀ ń yára bó ṣe máa ń yára. Ọmọ oníbàárà náà wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń ké gan-an, ìyá rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò dákẹ́. Onídìrí kò bojú wo ọmọ náà. Ó ń dirun lọ. Mo fẹ́ sọdá kí n kí i, ṣùgbọ́n kí ni màá kí i? Mo padà sí ibi iṣẹ́, mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Mo ṣiṣẹ́ náà pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àpótí tuntun dé, oògùn dára sí i, ọ̀pọ̀ akánjú ló lọ sílé lórí àyà ìyá wọn. Àwọn kan ti di géńdé, wọ́n ń kàwé ní Akoka, wọ́n máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi lójú títì, èmi a sì máa wo ọrùn wọn. Mo dúpẹ́ lórí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n n kò ṣèlérí ẹ̀yìn fún ìyá kankan mọ́. Dípò ìyẹn, tí mo bá ti rí i pé ọmọ kan kò ní bá wa dúró, màá rọra bi ìyá rẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lára ọmọ náà pé ṣé ó fẹ́ pọ̀n ọ́n. Àwọn dókítà kékeré tó ń bá mi ṣiṣẹ́ máa ń wojú ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ní rárá. Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ń bá wọn gbé e pọ̀n, mo sì ti wá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, mo dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù Palmgrove, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó gbé báàgì lọ́wọ́ kan tó sì gbé ọmọ lọ́wọ́ kejì. Ọmọ náà sanra, ó ń ta ẹsẹ̀, ó fẹ́ já bọ́. Obìnrin náà wò yíká, ojú rẹ̀ bọ́ sára mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ síwájú, ó tẹ́ ẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e pọ̀n."

Mo gbé e. Ó wúwo, ó ń rẹ́rìn-ín, ọrùn rẹ̀ le gírígírí, ó ń yí orí padà láti wo ojú mi. Mo gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ìyá rẹ̀ lára. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi gbá orí rẹ̀ mú. Obìnrin náà fi ìró bò ó, ó so ó, ó tún ọ̀já so, ó dúró díẹ̀. Ó wá rọra yí ojú padà sí mi.

"Bàbá, ẹ ṣé. Ẹ lè mú ọwọ́ yín kúrò, mo ti gbàjá."